Orin Ọjọ́bọ̀ ní Òkè Pádre

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ìgbà náà ni òtútù sìmẹ́ńtì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa, a kì í wọ bàtà wọlé, ilé ìjọsìn náà sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí èèyàn máa ń gùn láti Bẹẹrẹ lọ sí Màpó. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ní Bẹyẹrúnká ni mò ń gbé. Mùsùlùmí ni ìyá àgbà, àlàájà ni wọ́n, àmọ́ wọn ò fìgbà kan bínú pé ìsìn ìyá tó bí mi ni mo mú. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń lọ sùtánà mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n á ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí Ọlọ́run rí mi nínú aṣọ tó hunjọ.

Mò ń ránṣọ jẹun, àmọ́ orin ni mo gbà pé Ọlọ́run tìtorí rẹ̀ dá mi. Nígbà tí ọ̀gá akọrin wa, àgbàlagbà kan tó ti ń darí wa láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Àbújá, èmi ni gbogbo ojú ń wò. Ọ̀gá fúnra wọn fà mí sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìwọ ni mo rí o." Kí ló tún kù? Mo gbààwẹ̀ sí i. Mo ran sùtánà tuntun. Mo tilẹ̀ dúró níwájú dígí, mò ń kọ́ bí mo ṣe máa la ẹnu díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá lójijì, nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ mi.

Wọn ò pè é. Lọ́jọ́ náà, olùṣọ́-àgùntàn wa dìde, wọ́n sì pe ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè-Àdó wá dara pọ̀ mọ́ wa, tí kò tíì mọ orin wa tán. Gbogbo ohun tí mo kọ́ níwájú dígí kò wúlò mọ́, torí ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá wọn.

"Bàbá, ẹ dákun, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Mo gbàdúrà sí i, ibi tí ọkàn mi fà sí nìyẹn. Ìyá Ìjọ ń wá ẹni tí wọ́n á jọ máa bẹ àwọn aláìsàn wò ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Máa bá wọn lọ."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan náà ni ẹgbẹ́ akọrin máa ń kọ́ orin. Kì í ṣe pé wọ́n gbójú fò mí nìkan, wọ́n tún gbé mi kúrò nínú ilé orin pátápátá.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà bí ẹni tó sọnù ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Bí Ọlọ́run ò bá fẹ́ kí n kọrin, kí ló dé tó fún mi lóhùn? Bó bá sì fẹ́, kí ló dé tó wá ẹlòmíì lọ? Ta ló ṣì í gbọ́ nínú èmi àti olùṣọ́-àgùntàn? Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà wò mí, wọ́n ní kádàrá ni.

"Ìyá, ṣé kádàrá kì í ṣìnà ilé ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ jẹun." Mo jẹun lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè náà há mi lọ́fun síbẹ̀.

Mo bá Ìyá Ìjọ lọ torí pé mi ò mọ ohun mìíì tí mo lè ṣe. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n sì máa ń gun òkè bí ewúrẹ́, èmi tí mo kéré sí wọn lọ́jọ́ orí ni mo máa ń mí hẹlẹ lẹ́yìn wọn. Ní Òkè Pádre, a máa ń yà sí ilé bàbá àgbà kan tó ti ṣe iṣẹ́ káfíńtà rí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn ní apá ọ̀tún, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. "Hẹ̀n" nìkan ló kù. Ebi ń pa wọ́n, "hẹ̀n." Ibì kan ń dùn wọ́n, "hẹ̀n." Ọmọ wọn obìnrin ló ń tọ́jú wọn. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ tó ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ nítorí wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá ọmọ náà ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣan táwẹ́ẹ̀lì, mo sì kí i kú iṣẹ́. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ ṣeun, mà. Bí àwọn bùrọ̀dá mi bá pè láti òkè òkun, tí mo fi fóònù sí bàbá létí, ẹkún ni bàbá máa ń sun. Gbogbo ìdílé á sì máa yin àwọn bùrọ̀dá pé ọmọ rere ni wọ́n. Èmi tí mò ń wẹ bàbá, ńṣe ni wọ́n kàn máa ń wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì mọ̀ pé èmi ni."

Mo ní kó máa gbàdúrà, Ọlọ́run ń rí i. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi, torí ohun tí wọ́n ń sọ fún èmi náà nìyẹn, kò sì tíì tù mí nínú.

Nínú yàrá, Ìyá Ìjọ ní kí n dá orin kan. Mo mú èyí tó rọrùn jù lọ, èyí tí a fi máa ń gbé èèyàn lọ síwájú Ọlọ́run ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ. "Olúwa, bojú wo Ìyá Ìjọ o," ègbè rẹ̀ á sì jẹ́, "ilẹ̀kùn wa ò tì." Ibi tí a ti ń gbe ègbè ni mo ti gbọ́ ohùn kẹta, ó ń ha bí ayùn nínú igi tútù. "Ilẹ̀kùn wa ò tì." Bàbá ni. Ó yé ketekete. Ọmọ wọn sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tó ń kán omi sílẹ̀.

"Bàbá! Ẹ tún un wí!"

"Hẹ̀n," ni bàbá wí.

A tún orin náà dá, ọ̀rọ̀ tún jáde. A dákẹ́, ó tún pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a bọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀, tí bàbá ń gbe ègbè tí wọn ò sì lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn.

Títí di ọ̀sán kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ náà jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Mo dá orin, mo sì fẹ́ pe orúkọ bàbá bí mo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ bàbá fúnra wọn ti gbà á lẹ́nu mi.

"Olúwa, bojú wo Àjọkẹ́ o…"

Ọwọ́ ọmọ náà dúró lórí aṣọ. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àjọkẹ́, mo fẹ́ bi Ìyá Ìjọ léèrè, àfi bí ọmọ náà ṣe já lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀. "Sà! Bàbá mi, èmi rèé, sà!" Oríkì rẹ̀ ni. Bàbá nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn, kò sì tíì gbọ́ ọ látìgbà tí àìsàn náà ti dé. Wọ́n tún un kọ, wọ́n tún un kọ, omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí gbe ègbè mọ́.

Ìyá Ìjọ fi ìborùn nu ojú. "Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Tiwa yìí, baba ló pe ọmọ."

Olùṣọ́-àgùntàn ní iṣẹ́ ìyanu ni. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo bàbá ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé ibi tí orin ń gbé nínú orí èèyàn yàtọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Èmi tí ó ṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ wá dàrú mọ́ lójú jù. Bó bá jẹ́ ti nọ́ọ̀sì ni, ẹni tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ ì bá ṣe é, kí ló wá dé tó fi jẹ́ èmi? Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run, ṣé ó di dandan kó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ kó tó rán mi níṣẹ́? Ṣé kò lè kàn sọ fún mi ni?

Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ, àfi nínú orin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sùn. Níbi ìsìnkú, àwọn bùrọ̀dá dúró síwájú pẹ̀lú kóòtù, gbogbo èèyàn ń kí wọn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn, kò bínú. Ó kàn tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Bàbá mọ̀ mí."

Ọmọbìnrin Òkè-Àdó ṣì ni ọ̀gá akọrin wa. Kí n má purọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe, orin wa dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyẹn náà sì ta mí díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo ríran lóòótọ́, àmọ́ n kò rí ojú ọ̀nà náà tán. Bí ẹnì kan bá bi mí lónìí pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi gbójú fò mí lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé níbi tí mo rò pé kò sí ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti bá a.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ ìyá kan ní Oríta-mẹ́rin. Mo kọrin fún wọn títí, wọn ò lajú, wọn ò mira, ariwo ọjà ló ń wọlé gba ojú fèrèsé. N ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Mo fa aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀, mo sì bi Ọlọ́run ní ìbéèrè tí mo máa ń bi í. Mo bọ́ síta, mo sọ fún ọmọ wọn pé tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, màá tún wá.