Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Bọ́ Sínú Òkun

Kí ọmọ wa obìnrin tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kò ju oríṣi mẹ́ta lọ lójú èmi àti ọkọ mi. Bí èèyàn wa bá kú nílé, a ó gba ààyè, a ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Nàìjíríà lọ sin ín. Bí ẹnì kan bá ń gbéyàwó ní Houston, a ó wa mọ́tò lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, a ó sì padà dé lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá sí òkú, tí kò sí ìyàwó, a ó lọ sí àgọ́ ìjọ ní Floyd, a ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, a ó jẹ ìrẹsì inú kúlà. Èyí tí wọ́n ń pè ní fakéṣàn, pé kéèyàn kàn dìde lọ síbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, kò yé mi rárá.

Ọdún tí ìgbéyàwó wa pé ọgbọ̀n ọdún ni ọmọ náà, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Addison, wá bá wa nílé ní Grand Prairie, ní Texas nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lọ sí Málítà, erékùṣù kan tó wà láàárín Òkun Mẹditaréníà. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko.

Mo bi í pé, "Ta la mọ̀ níbẹ̀?"

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé a ò mọ ẹnì kankan, pé ìdí tí àwọn fi mú ibẹ̀ gan-an nìyẹn.

"Kí wá la fẹ́ lọ ṣe?"

Ó fọwọ́ tọ́ka sí ìwé náà. Ó ti to ohun tí a ó máa ṣe lójoojúmọ́ sí i: ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, ọjà ẹja ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ inú ihò àpáta, ibi tí wọ́n ti ń sá iyọ̀ létí òkun. Lábẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó kọ ọ́ pé kí a má ṣe nǹkan kan. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ṣé a ó wọ bàálù méjì kí a tó lọ jókòó lásán ni? Ṣé kò sí àga nílé yìí ni?"

Mo ti gbójú lé ọkọ mi pé òun ni yóò bá mi kọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó bá mi jiyàn ọ̀sẹ̀ méjì lórí kọ́tìnì pálọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwòrán òkun tó wà lórí ìwé náà ló ń wò. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "A ó lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, àfẹ̀mọ́jú ló sì máa ń jáde. Nọ́ọ̀sì ni èmi. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni iṣẹ́ tèmi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń wọlé, tèmi ti ń jáde. Nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré, ọgbọ́n tí a dá nìyẹn kí ilé má bàa ṣófo. Orí ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì la ti ń bára wa sọ̀rọ̀: ẹran wà nínú ìkòkò, ọmọ ní bọ́ọ̀lù lágogo mẹ́fà, táyà ọ̀tún ń rọ̀. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n kó lọ, a ò sì yí i padà. Ó ti mọ́ wa lára.

Nígbà tí mò ń di báàgì wa, mo rí ṣòkòtò penpe kan tó jọ ti àwọn tó ń wẹ̀ ní púùlù, aláwọ̀ búlúù, tí bébà iye owó ṣì wà lára rẹ̀. Mo rò pé ọmọ wa ló ṣèèṣì jù ú síbẹ̀, torí ọkọ mi kì í sún mọ́ omi. Mo yọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tún bá a nínú báàgì. Mo tún yọ ọ́. Nígbà tí a dé Málítà tí mo ṣí báàgì ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun ló kọ́kọ́ yọjú sí mi. Mo ká a sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni, oòrùn sì mú. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo pupa, òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn. A tẹ̀lé ìwé ọmọ wa bí ìwé dókítà. A rìn yíká ìlú olódi, a jẹ ohun kan tó jọ mítí páì tí wọ́n kó ẹ̀wà tútù sí nínú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ tán. Ọkọ mi ra kọfí fún mi, ó da ṣúgà mẹ́ta sí i. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mi ò ti fẹnu kan ṣúgà. Èmi náà ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹlẹ́ran ewúrẹ́ wá fún un, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ kì í jẹ ewúrẹ́ mọ́ ni?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

A wo ara wa bí àlejò méjì tó jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ kẹrin ni ti ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ kékeré ni, wọ́n kùn ún ní búlúù àti pupa, wọ́n sì ya ojú méjì sí iwájú rẹ̀ bíi ti èèyàn. Bàbá arúgbó kan tí oòrùn ti sun awọ ara rẹ̀ ló ń wà á. Òyìnbó mẹ́rin ló bá wa wọ̀ ọ́. Mo ní kí bàbá náà fún mi ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo so gbogbo okùn rẹ̀ pátá, mo sì di irin etí ọkọ̀ mú. Ó gbé wa wọ inú ihò àpáta kan, omi ibẹ̀ ń tàn láti ìsàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tan iná sí i. Nígbà tí a jáde, ó pa ẹ́ńjìnnì níbì kan tí àpáta ti ṣíji bò wá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sómi lè bọ́ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo rí i tí ọkọ mi ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Dádì, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ wẹ̀."

"Ilé ìwẹ̀ ò sí nínú ọkọ̀ yìí o. Ẹ mú un mọ́ra títí a ó fi dé hòtẹ́ẹ̀lì."

Ó bọ́ ṣòkòtò. Ṣòkòtò búlúù náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó ya ẹnu, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì bẹ́ sínú òkun.

Mo pariwo. Yorùbá ni mo fi pariwo: "Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ò mọ̀wẹ̀! Ẹ gbà mí!" Àwọn òyìnbó ń wò mí. Bàbá ọlọ́kọ̀ sáré wá síbi tí mo wà, ó wo omi, ó wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sọ fún mi pé, "Màdáámù, ọkọ yín mọ omi ju èmi lọ."

Mo yọjú wo omi. Ọkọ mi ti jìnnà. Kò wẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní púùlù Grand Prairie, tí wọ́n ń ri orí bọ omi tí wọ́n ń gbé e sókè. Orí rẹ̀ dúró gbọn-in lókè omi, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, apá rẹ̀ ń ya omi lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni tó fẹ́ lọ mú nǹkan lódì kejì tí yóò sì padà wá. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó yí padà, ó dùbúlẹ̀ sórí omi, ó kọjú sí ọ̀run. Kò mira. Èmi tí mo bímọ méjì fún un, mi ò mọ ẹni tí mò ń wò.

Ó gòkè padà sínú ọkọ̀. Mo na táwẹ́ẹ̀lì sí i.

Ẹ̀bá òkun la ti jẹun ọ̀sán. Ó jẹ ẹja tirẹ̀ tán, ó to egungun rẹ̀ sétí abọ́.

"Dádì."

"Hẹn."

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Wọn kì í kọ́ ọ nílùú wa. Bí ọmọ bá ti ń rìn, ó ti ń wẹ̀ náà nìyẹn."

Mo mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni, pé orí omi ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ló ti dàgbà. Mo kàn gbà pé ó kúrò nílé kó tó mọ̀wẹ̀ ni, àti pé ẹ̀rù omi ń bà á.

Ó wá sọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, lórí pákó iwájú ilé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é lójú omi, ó sì bọ́ sí i, ó ní òun ò ní pẹ́. Nígbà tó padà, kò sí ọmọ lórí pákó mọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀.

"Ìyá mi ò nà mí," ló wí. "Ó kàn mú mi búra. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, ara mi ò gbọdọ̀ kan omi odò tàbí òkun, n ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n mú mi lọ sí Ìbàdàn."

Ọdún tó ṣáájú ìrìn àjò yìí la sin ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ọkọ mi mú létí sàréè.

Mo ní, "Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Mo ti búra."

"Èmi ni ìyàwó yín, Dádì. Ọgbọ̀n ọdún!"

"Mo mọ̀," ló wí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ti sọ sí mi lọ́kàn. Ní gbogbo ìgbà tí mama bá pè wá láti ilé, wọn kì í ṣàì bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé omi wà nítòsí ibi tí ẹ̀ ń gbé?" Inú mi a máa dùn láti dáhùn. Mo rò pé omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń bèèrè, bí wọ́n ṣe ń bèèrè iná mànàmáná. Mo máa ń fi yangàn ni: "Omi pọ̀ rẹpẹtẹ, Mà! Tọ̀sán tòru, kì í tán!" Mama á sì dákẹ́. Nígbà míì, wọn a kàn ní kí n gbé fóònù fún ọkọ mi. Ó ju ogún ọdún lọ tí mo fi ń dẹ́rù ba obìnrin náà, tí mo rò pé mò ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí ọmọ wa ní kí a má ṣe nǹkan kan. Mo dá jáde. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, mo dé ibi tí wọ́n ti ń sá iyọ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ àpáta sí kòtò pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ létí òkun. Mo fẹ́ bínú, mo sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú ìbínú náà dání, àánú á gbà á lọ́wọ́ mi. Mo rántí bó ṣe máa ń jókòó sínú mọ́tò nínú ooru nígbà tí àwọn ọmọ ń kọ́ ìwẹ̀ ní púùlù, fèrèsé ní títì, tí mo sì ń bá a jà pé kò nífẹ̀ẹ́ sí ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe. Bí mo bá ti ń káàánú rẹ̀, ìbínú á tún dé: kí ló ṣe tí kò fi lè gbára lé mi? Mo rìn yí àwọn kòtò iyọ̀ náà ká títí bàtà mi fi funfun. Mi ò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo padà, ó jókòó síta hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń wo ọ̀nà.

"O jẹun?"

"Mi ò jẹun."

Ó dìde, ó ra kọfí fún mi. Kò da ṣúgà sí i.

A pa ìwé ọmọ wa tì fún ìyókù ọjọ́ tí a lò níbẹ̀. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń bọ́ sí òkun níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, èmi a sì jókòó sórí àpáta, aṣọ rẹ̀ lórí itan mi. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí mi. Mo wọ omi náà dé orúnkún. Ó tutù, iyọ̀ rẹ̀ ta mí lẹ́sẹ̀. Ó sọ orúkọ àbúrò rẹ̀ fún mi níbẹ̀. Èmi àti òun ló ni ìyẹn.

Ọmọ wa ló wá gbé wa ní pápákọ̀ òfurufú ní Dallas. Ó bi wá nínú mọ́tò pé èwo ló dùn jù. Ọkọ mi, tó jókòó síwájú, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí pákó títí dé orí ìbúra. Ọmọ náà yà kúrò lórí ọ̀nà márosẹ̀, ó wọ ilé epo kan, ó pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ó sì sunkún. Ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn látìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ, Yorùbá ló fi sọ ọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo ti yí ọjọ́ iṣẹ́ mi padà báyìí, kí ọjọ́ Sátidé lè ṣófo fún àwa méjèèjì. Púùlù ìlú ló ń lọ láàárọ̀, èmi a máa tẹ̀lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń nu orí rẹ̀, mo bi í pé, "Dádì, kí ló tún kù tí mi ò mọ̀?"

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó ronú.

Ó ní, "Ó dà bíi pé ó ti tán."

"Ó dà bíi?"

Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí èjìká, ó sì ń lọ síbi mọ́tò. Mo tẹ̀lé e.