Ata Tó Ń Kú Létí Gọ́tà

Láàárọ̀ ọjọ́ tí èéhù ata rodo mi kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, mo rò pé ológbò ló jókòó lé wọn. Èéhù ni mo ń tọ́ tà ní Fola Agoro. Mo máa ń gbin hóró ata àti tòmátò sínú ohun tí àwọn èèyàn ti lò tán, bí ike bọ́tà, agolo mílíìkì àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, títí wọn yóò fi yọ ewé mẹ́rin tí wọ́n sì ṣeé ṣí lọ gbìn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìṣó gbígbóná ni mo fi ń lu ìdí ike àti agolo náà, ihò mẹ́ta, torí pé bó bá jẹ́ ẹyọ kan, yẹ̀pẹ̀ á dí i.

Àwọn tó dojú bolẹ̀ yìí ti ní olówó orí. Nọ́ọ̀sì kan ní Igbóbì ló ní kí n tọ́ wọn fún òun kí òjò tó dé, ó sì ti ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun rí ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí tirẹ̀ bá kú, ta ni yóò tún wá?

Mo wo ìdí wọn: ó rọ̀, ó tín-ín-rín bí òwú. Omi àpọ̀jù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdérí ìgò kan péré ni mò ń bu fún ike kọ̀ọ̀kan! Mo pààrọ̀ hóró. Mo yan yẹ̀pẹ̀ nínú ìkòkò kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Pàbó. Àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri ń dàgbà, àwọn tó wà létí gọ́tà ń kú, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú kan náà ni mò ń fún gbogbo wọn.

Àlàájà tó ni ilé wa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, bá mi níbi tí mo káwọ́ lérí.

"Wálé, ta ló kú?"

"Ata ni, mà."

"Ata lò ń ṣọ̀fọ̀ báyìí? Lọ fẹ́yàwó."

Mo jókòó lọ́jọ́ kan láti ṣọ́ ológbò náà. Ológbò kò wá. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Àlàájà jáde pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fọ ojú, wọ́n wá na ẹsẹ̀ sórí ata nọ́ọ̀sì, wọ́n ń rọra da omi sí i.

"Àlàájà, ṣé ibẹ̀ lẹ máa ń ṣe é?"

"Inú gọ́tà ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí o kó wọn síbí ni mo ní, kí ni mò ń fi omi alùbáríkà ṣòfò fún? Bí wọ́n sì ṣe ń kú yẹn, mo tún fi kún un."

Ìrun márààrún! Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé alùbáríkà wọn ló ń pa ata mi? Mo kó àwọn ike lọ sẹ́bàá ògiri, mo gbin gbúre, ẹ̀fọ́ tí omi kì í sú, sínú ike ọ̀dà, mo gbé e sí etí gọ́tà.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, gbúre yìí ni kí ẹ máa bá mi tọ́jú."

Wọ́n wò mí. "Ata ti yó?"

"Ó ti yó, mà."

Mo gbin ata mìíràn fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì yè. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, inú rẹ̀ dùn sí gbogbo wọn. Àfi bó ṣe nàka sí agolo mílíìkì kan tí mo gbàgbé sẹ́yìn gbúre, ọ̀kan lára àwọn tí mo kọ́kọ́ gbìn. Omi àlùwàlá ń kán níbẹ̀. Ewé ata inú rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ó ti ń tanná.

"Brọ̀dá Wálé, kí lẹ fún èyí?"

Mo yí agolo náà po. Hóró kan náà, yẹ̀pẹ̀ kan náà, ihò mẹ́ta.

Àlàájà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́.

"Ẹ bi í," ni wọ́n wí. "Ẹ bi í dáadáa."