Obìnrin Tó Ń Wo Fóònù Oníbàárà Mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dirun ní Agbowó, mo sì ti rí oríṣiríṣi orí, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí mi ò lè gbàgbé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló wọlé, ó múra bí olùkọ́. Ó ní ṣùkú lòun fẹ́. Mo fi àga iwájú dígí hàn án, ló bá yí i padà, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí àwọn oníbàárà ti ń gbaná sí fóònù wọn. Ara fu mí.

Kí ẹ má bàa pè mí níkà, oníbàárà kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń pè mí ní "àǹtí mi àtàtà", ti kó fóònù mẹ́ta lọ rí nígbà tí mò ń fọ irun ẹlòmíì. Èmi ni wọ́n fà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Látìgbà náà, ẹni tó bá ti wo fóònù lẹ́ẹ̀mejì, olè ni lójú mi.

Mò ń fi òòyà la irun obìnrin yìí, mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Kò yẹ̀ ẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo bá lọ yọ gbogbo fóònù náà, mo tì wọ́n mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

"Àǹtí, ẹ rò pé mo fẹ́ jí wọn ni?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀ o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀síténṣọ̀n iná yẹn."

Mo tún fura: bóyá ó fẹ́ kí n kọ̀yìn sóun ni. Mo gbé báàgì mi há abíyá kí n tó bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wáyà náà gbóná janjan. Díráyà méjì ṣì wà lára rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń yọ́, bẹ́ẹ̀ páálí irun ló yí i ká. Mo sáré pa iná lára ògiri.

"Irú ẹ̀ ló jó ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ní Apẹ̀tẹ̀," ló wí. "Wọ́n gbé àbúrò mi jáde nínú iná, ṣùgbọ́n kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó kú. Kò síbi tí mo wọ̀ báyìí tí n kì í kọ́kọ́ wo ibi iná."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n parí irun òun. Ó wá ní:

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ojú yín rí?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìlà irun kan tẹ̀ lé òmíràn, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìfura mi ò tíì tán. Mo ṣì máa ń ṣọ́ ọwọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n kí n tó pe ẹnikẹ́ni lólè nínú ọkàn mi, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń wò.