Pápá Tí Wọ́n Kùn Kí Wọ́n Tó Rà Á

Ẹni tó bá fẹ́ rí Ìyá Onímáàpù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó má wulẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni yóò ti bá a, níbi tí àwọn ìyálọ́mọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fọ́mọ wọn. Orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí, táá máa ka ọmọ sínú ìwé. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó sú wọn. Èsì tirẹ̀ ni pé ọmọ tó ń sunkún abẹ́rẹ́ lónìí ni yóò máa wá ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, bí a ò bá sì kà á báyìí, orí òrùlé ni yóò ti gbá a. Bó ṣe ń bá ìgbìmọ̀ ìlú ṣètò ilẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlélógún nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ka ọmọ dé mọ́kàndínlógójì nígbà tí akọ̀wé ọ́fíìsì, àgbàlagbà tí kì í sáré torí òjò, sáré wọlé.

“Mà, ẹ dìde! Wọ́n ń wọn pápá ẹ̀bá odò!”

“Ta ní ń wọ̀n ọ́n?”

“Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Bàbá Oníbíríkì tó nilẹ̀ ló fẹ́ tà á fún wọn. Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa buwọ́ lùwé.”

“Pápá ìlú kẹ̀?”

“Ìlú ò rà á rí, mà. Mo ti tú gbogbo fáìlì.”

Ìyá Onímáàpù pa ìwé rẹ̀ dé, ó rántí ohun tó ṣe. Ọdún tó kọ́kọ́ dẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ilé ẹ̀bá odò ò ju mẹ́fà lọ, òun ló ya máàpù ńlá tó wà lára ògiri gbọ̀ngán ìgbìmọ̀. Nígbà tó kan ilẹ̀ náà, ó rò ó lọ́kàn pé pápá ni ibẹ̀ yẹ kó jẹ́, ló bá fi àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ ìlú, kùn ún. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kọ̀wé pé kí ìlú rà á. Iṣẹ́ mìíràn dé, ó gbàgbé pátápátá. Gbogbo ayé wo máàpù, wọ́n gbà á gbọ́. Ìlú to bẹ́ǹṣì síbẹ̀, àwọn ilé ìwé ń sáré ìje níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ìwé.

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

“Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ìlú ló nilẹ̀ yìí?” alága béèrè.

Ìyá Onímáàpù ì bá dákẹ́, fáìlì ò kúkú lẹ́nu. Ó dìde. “Èmi ni, sà. Mo kùn ún ká tó rà á.”

Gbọ̀ngán dàrú. “Èrò ọkàn yín la wá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ látọjọ́ yìí?” alága tún béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ gbọ́ tèmi ná, kí ẹ tó lé mi.” Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kà ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. “Kò sí ilẹ̀ mìíràn tí wọn ò tíì mọ odi yí ká. Tí èyí bá lọ, ó lọ nìyẹn.”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́,” ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn nawọ́ pé kí ìlú rà á. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Mi-Ò-Gbà, tí kò fara mọ́ ohunkóhun rí, na méjèèjì. Inú Ìyá Onímáàpù dùn débi pé ó gbàgbé báàgì sórí àga. Ó gbé ìwé àdéhùn, ó di ibi iṣẹ́ Bàbá Oníbíríkì.

Ó bá a níbi tó ti ń fọwọ́ mọ bíríkì. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo ẹjọ́ láìfi kan pamọ́. Bàbá gbé bíríkì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kùn ún? Ọdún tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, mo fẹ́ tà á. Ẹni mẹ́ta ló wá rà á. Wọ́n rí máàpù yín, wọ́n sá. Èmi náà bá gbà pé ìjọba ti gbà á, àfìgbà tọ́mọ mi lọ wo ìwé lóṣù tó kọjá, tó rí i pé tèmi ṣì ni.”

“Ìyá ńkọ́, sà?”

“Ara ẹ̀ yá. Ẹ̀rọ bíríkì mi ni mo tà dípò ilẹ̀.”

Ìyá Onímáàpù wo ọwọ́ bàbá, bó ṣe le, tí àwọn ìka ò nà mọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ má sunkún sínú amọ̀ mi,” ni bàbá wí. “Ìyàwó mi fẹ́ràn ariwo àwọn ọmọ yẹn. Ìlú ni mo máa tà á fún. Ẹ ṣáà kọ ẹ̀rọ bíríkì kan mọ́ owó rẹ̀.”

Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa bírò yọ, ó kọ ẹ̀rọ náà sínú ìwé àdéhùn, lókè ibi tí wọ́n kọ ilẹ̀ sí.