Ẹja Mélòó Ló Tó Igbó Kan?

Marlys Aakre kì í ṣe ẹni tí inú ń tètè bí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ iléèwé ní ìlú wọn lẹ́bàá adágún Sorrel, ní àríwá Minnesota. Ẹni tó bá sì ti fara da ariwo ọmọdé nílé oúnjẹ fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó tún lè dà á láàmú láyé. Àfi nǹkan kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Verlyn ni ẹja pípa lórí yìnyín ti ń rí i lára. Kì í pariwo rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ó kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra àwo tí eku lá.

Ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Nígbà tí òtútù bá dé, tí adágún bá dì gbagidi débi tí ọkọ̀ akẹ́rù fi lè sáré lórí rẹ̀, àwọn tí orí wọn pé a máa jókòó ti iná nílé wọn. Àwọn ọkùnrin ìlú yìí ò jẹ́ jókòó. Wọn a wọ́ ilé lọ sórí omi, wọn a lu ihò sí yìnyín, wọn a ju okùn sísàlẹ̀, wọn a sì tẹjú mọ́ ihò bí ẹni ń retí kí owó jáde níbẹ̀. Nígbà tí Verlyn bẹ̀rẹ̀, garawa tó dojú dé ló fi ń ṣe àga, ọ̀pá kékeré kan ló sì ní lọ́wọ́. Marlys ò bá a jà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń lu ihò dé. Àgọ́ tẹ̀ lé e, híítà onígáàsì tẹ̀ lé àgọ́, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja abẹ́ omi hàn nínú gíláàsì náà dé, alùpùpù orí òjò dídì sì kẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá kó gbogbo ẹja tí Verlyn ti pa láyé rẹ̀ jọ, tí wọ́n pín owó tó ti ná lé wọn lórí, ọba aládé gan-an ò ní lè fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

"Ohun tó bá wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni," ni Verlyn máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wu Marlys kì í gba owó. Bàbá rẹ̀ fi igbó igi mépù kan sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìlú. Ní oṣù kẹta ọdún, tí òtútù bá ń rọ̀ lọ́sàn-án tó sì tún ń mú lóru, omi a máa gòkè nínú àwọn igi náà. Marlys a lu ihò kékeré sí ara igi, a ki ẹnu páànù bọ̀ ọ́, a gbé garawa kọ́ ọ, bí ẹni ń dá ẹmu. Yóò wá se omi náà lórí iná títí yóò fi di oyin pupa tó ń fà tí a bá fi ṣíbí bù ú. Gbogbo ohun tó ń ná an kò ju igi ìdáná àti irun ojú tó ń jóná lọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Garawa àkọ́kọ́ tí bàbá náà fi ń gbe omi igi, èyí tó fi ìṣó lu àmì ìràwọ̀ sí létí, ni Marlys fẹ́ràn jù nínú gbogbo garawa rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí Verlyn ti sọ fún un pé garawa yẹn ti dógùn-ún, pé òun ti bá a jù ú nù. Marlys sunkún díẹ̀, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́dún yìí ni Verlyn wá rí ilé onítáyà kan tó ń tà, ilé tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà lọ sórí yìnyín. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Iye rẹ̀ ju iye tí wọ́n fi ra ilé tí wọ́n ń gbé lọ. Ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìsinmi sì ti ń ṣojúkòkòrò sí igbó Marlys tipẹ́.

"Kí n ta igbó kẹ̀!" ni Marlys wí. "Verlyn, ṣé orí ẹ pé?"

"Gbọ́ mi ná. Gbogbo èèyàn ló ní ohun tó ń fi gbafẹ́. Wo Harlan, aládùúgbò wa. Ṣé o mọ iye tó ń ná sórí gọ́ọ̀fù? Ó ń fi irin lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri pápá, kò sì sí nǹkan tó ń gbé bọ̀ wálé fún jíjẹ."

"Harlan ò ta igbó bàbá ìyàwó ẹ̀."

"Igbó tó ń fún wa ní ìgò oyin mélòó kan lọ́dún!"

"Ìwọ ńkọ́? Ẹja mélòó lo gbé wálé láti Kérésì?"

Verlyn wo òkè àjà. "Àwọn tí mo dá padà sómi ò sí nínú ìṣirò tìẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí ò sí nínú ìkòkò, kì í wọ inú ìṣirò tèmi."

Verlyn wá yí ohùn padà. Ó fà mọ́ ọn. "Ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́, Marlys. Láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, o ò wá síbẹ̀ rí. Bá wa jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bó ò bá gbádùn ẹ̀, n ò ní dárúkọ igbó mọ́. Bó o bá gbádùn ẹ̀, wàá fọwọ́ síwèé. Ṣó ti tán?"

Marlys gbà. Igbó náà wà lórúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tà á láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ó rò pé ìjókòó kan yẹn ni òun yóò fi pa ẹnu ọkọ òun mọ́ títí ayé.

Ilé orí yìnyín ti Duane Pflug, ọ̀rẹ́ Verlyn, ni wọ́n lọ. Sátidé tó kẹ́yìn ni, nítorí ìjọba ti dá ọjọ́ tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ kúrò lórí adágún kí yìnyín tó rọ̀. Marlys gbé àwo oúnjẹ gbígbóná dání, ẹran lílọ̀ tí ó to ọ̀dùnkún lé lórí, torí kò sí bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ẹni lọ́wọ́ òfo ní ìlú wọn.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀!" ni Duane kígbe. "Wọlé, kó o tilẹ̀kùn, ooru ń jáde!"

Òórùn tó pàdé Marlys lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe oríṣi kan. Ẹja àná wà níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tó rin wà níbẹ̀, gáàsì àti bíà tó dà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀, nǹkan mìíràn sì tún wà lábẹ́ gbogbo wọn tí Marlys ò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ihò mẹ́rin ló wà nínú ilẹ̀ ilé náà, tí omi dúdú ń mì nínú wọn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò tilẹ̀ wo ihò. Bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ni wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n jáde kúrò nílé tí tẹlifíṣọ̀n wà, wọ́n wakọ̀ kọjá lórí adágún nínú òtútù tó lè já etí, nítorí kí wọ́n lè jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Marlys pòṣé nínú ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Duane wú díẹ̀.

"Duane, ṣé eyín ń dùn ẹ́ ni?"

Duane fi ìka bọ ẹnu, ó yọ ìdin funfun kan jáde tó ń jà fitafita. "Ìdẹ ni. Bó bá tutù, kì í mira, ẹja ò sì fẹ́ òkú. Ètè ló ń mú un móoru. Ṣó o fẹ́ dán an wò?"

Ó fi ìwọ̀ gún un, ó jù ú sínú ihò, ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó sì fi ìka yẹn kan náà mú ọ̀dùnkún kan lórí àwo oúnjẹ Marlys. Marlys ti àwo náà sẹ́yìn díẹ̀. Kò jẹ nínú oúnjẹ náà mọ́.

Duane ti kẹ́tùlù bọ inú ihò, ó bu omi, ó gbé e ka iná. "Omi adágún ló ń mú kọfí dùn. Gba kọfí, ìyàwó wa."

"Rárá o, mo dúpẹ́."

"Gbà á jàre."

"Má ṣe wàhálà."

"Kò sí wàhálà níbẹ̀!"

"Ó dáa, ìwọ̀nba díẹ̀," ni Marlys wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nílùú wọn nìyẹn: èèyàn a kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnu rẹ̀ ti gbà kí inú rẹ̀ tó ráyè kọ̀. Ó mu ife méjì nítorí ọ̀wọ̀.

Títí di ọ̀sán, ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n pa, kò sì gùn tó ṣíbí ọbẹ̀. Verlyn fi ọ̀wọ̀ gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ṣó o rí i bó ṣe ń dùn?" ló bi í.

Bí ọ̀sán ṣe ń rọ̀, wọ́n bọ́ síta láti fa ilé náà lọ sí èbúté. Ilé kọ̀, kò mira. Ẹni tó bá gbọ́n a máa ti ìtí igi bọ abẹ́ ilé rẹ̀ kí yìnyín má bàa gbá a mú; Duane ò ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn oṣù kẹta ti yọ́ omi sábẹ́ ilé, òtútù òru sì ti dì í mọ́ ilé náà nídìí. Verlyn gbé ọ̀pá irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún yìnyín.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké!" ló ń kígbe, tí òógùn bò ó.

Marlys mú ṣọ́bìrì láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Òjò dídì ni wọ́n kó jọ gìrìwò mọ́ ẹ̀yìn ilé láti dí afẹ́fẹ́. Ó kọrí síbẹ̀.

"Marlys! Fi ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀!" ni Verlyn ké lójijì. "Má dé ẹ̀yìn!"

Bó ṣe ké yẹn gan-an ló mú kí Marlys lọ. Ó ti ṣọ́bìrì bọ òkìtì náà. Apá òkè funfun. Ó walẹ̀ díẹ̀ sí i, ó pọ́n rúsúrúsú. Ó tún walẹ̀, ó dúdú bíi kọfí. Àwọn àpò ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu ló to jọ níbẹ̀, ìgbẹ́ gbogbo òtútù ọdún náà, àwọn kan ti bẹ́. Oòrùn ti ń yọ́ wọn. Omi pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣàn jáde láti abẹ́ òkìtì náà, ó gba abẹ́ ilé kọjá, Marlys sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó fojú tọ̀ ọ́. Inú ihò ló ń wọ̀. Ihò tí Duane ti bu omi kọfí ni.

Ó bì síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó tún bì.

"Ìyàwó wa," ni Duane wí, ó ń wo ojú ọ̀run, "gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Adágún yìí tóbi."

Marlys ò gbọ́ ọ. Ṣọ́bìrì rẹ̀ ti kan irin. Ó fi bàtà gbá òjò dídì kúrò lára rẹ̀, garawa páànù kan sì yọ, ìgbẹ́ kún inú rẹ̀, ó sì dì títí dé ẹnu. Létí rẹ̀, àmì ìràwọ̀ tí ìṣó lu wà níbẹ̀ kedere.

Ìríra tó gbà á kọjá ti inú. Ó dé ọ̀dọ̀ òkú bàbá rẹ̀.

"Verlyn. O ní garawa yìí ti dógùn-ún. O ní o ti jù ú nù."

"Ó ti... ó ti ń dógùn-ún díẹ̀. Mo rò pé—"

"Ẹja inú omi yìí lo ń gbé wálé fún mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fọ̀ ọ́, tí mo ń dín in, tí mò ń gbé e síwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi. O sì mọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, o mọ̀!"

Verlyn wo bàtà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti òjò dídì díẹ̀ sórí àwọn àpò náà.

"Bò ó dáadáa," ni Marlys wí. "Ó ṣáà ti mọ́ ẹ lára."

Ó fi ọ̀pá irin wú garawa náà, ó gbé e lọ síbi ọkọ̀ akẹ́rù Verlyn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú òtútù, ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lọ, híítà inú rẹ̀ sì ń fẹ́ bí ààrò. Ìwé títà igbó wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà, tòun ti bírò, kí Marlys lè fọwọ́ sí i bí wọ́n bá ń padà lọ. Marlys gbé garawa lé ìwé náà lórí. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó, ó so ó mọ́ ọn, ó tilẹ̀kùn. Ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé gba etí adágún.

Ilé Duane já níkẹyìn, Verlyn sì so ó mọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé èbúté, ọkọ̀ ti tò lọ bẹẹrẹ, torí gbogbo ẹni tó gbé ilé lọ sórí yìnyín ló ń kó o kúrò lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ adágún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹni tó bá da ìdọ̀tí sílẹ̀. Verlyn ò lè da garawa, kò lè gbé e sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè pa híítà, nítorí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Owó tó yẹ kó fi tún un ṣe, ó ti fi ra ìwọ̀. Ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó yọ orí síta bí ajá, ó sì ń retí kí ìlà sún. Ohun tó wà nínú garawa ò retí ẹnikẹ́ni. Ní títì gbágungbàgun àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó dé ilé. Ó dúró ní àgbàlá, ó na garawa síwájú kó má bàa kan ara rẹ̀. Ìwé títà igbó lẹ̀ mọ́ ìdí garawa, ó ń kán tó tó tó.

Marlys ṣí fèrèsé ilé ìdáná, ìwọ̀nba tí ohùn lè gbà jáde.

"Ṣé kí n wá fọwọ́ sí i?" ló bi í.

Marlys ti fèrèsé, ó sì lọ ń kó àwọn garawa tó kù jọ fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì.