Iṣẹ́ Ọ̀bẹ Abìyẹ́

Ọ̀bẹ mẹ́rìnlá ló wà lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kí-Lo-Fi-Ń-Gé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń pọ́n ọ̀bẹ fún gbogbo àdúgbò. Kò ní ọ̀bẹ. Èyí tó wà nílé ìdáná, ti ìyàwó rẹ̀ ni, kò sì mú. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Bí o bá gbé ọ̀bẹ dé, kò ní bi ọ́ ní ilé, kò ní bi ọ́ ní ọ̀nà. "Kí lo fi ń gé?" ni yóò kọ́kọ́ sọ, ìbáà ṣe àgbàlagbà ló dúró níwájú rẹ̀, nítorí pé ojú ọ̀bẹ tó ń gé ẹran yàtọ̀ sí ojú èyí tó ń gé awọ bàtà. Yóò ya páálí kékeré kan, yóò kọ orúkọ olówó ọ̀bẹ sí òkè, yóò kọ ohun tó ń gé sí ìsàlẹ̀, yóò sì fi okùn so ó mọ́ èkù. Ọwọ́ ló fi ń ya páálí náà. Kì í fi ọ̀bẹ oníbàárà ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò bá sì ní iṣẹ́ kò ní sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ọ̀bẹ ńlá kan wá rí, ó ní nítorí olè ni.

"Olè wo?" ni Bàbá bi í. "Dárúkọ ẹ̀ kí n kọ ọ́ síbí."

Ọkùnrin náà gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé yìí, ẹrù kan dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ìlú mìíràn. Bàbá pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lọ́jọ́ náà. Ó tú ẹrù náà. Ọ̀bẹ ni.

Ejò ni èkù rẹ̀, ó la ẹnu, ó ní dígí pupa méjì lójú. Láti ọrùn ejò náà, ìyẹ́ irin méjì nà sí ọ̀tún àti sí òsì, ẹnu wọn ṣóńṣó, níbi gan-an tó yẹ kí ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú wà. Ojú ọ̀bẹ náà lọ́ bí ọ̀nà odò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní eyín mọ́kànlá, góńgó rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ìwé tó wà nínú páálí ní ọ̀bẹ náà dára fún inú igbó, fún orí òkun àti fún ojú ogun. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò tíì bó ọsàn rí láyé rẹ̀.

Fóònù dún.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ìbí! Ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé, ìyá mi. O ṣeun. Wàá jèrè ọmọ."

"Ṣé ó mú?"

"Ó mú gan-an ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló dàgbà sí, ó mọ ohun tó kàn. "Kí lẹ fi gé?"

Bàbá wo ejò. Ejò náà wò ó. "Àlùbọ́sà," ló sọ.

"Màá wá wò ó ní Sátidé."

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀yin náà? Ẹ ń purọ́ ọ̀bẹ? Irọ́ tó bá sì lọ fún ogún ọdún…"

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbọ́ràn."

"Kò tiẹ̀ ní pẹ́ tó yẹn. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù."

Bàbá kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá irọ́ lẹ́nu òun, kò sì fẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun tí kò wúlò ló rà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí: kí ọ̀bẹ náà gé nǹkan kan, ohunkóhun, kó tó di Sátidé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé àlùbọ́sà sórí pákó. Nítorí pé ojú ọ̀bẹ náà lọ́, ibi méjì péré ló kan pákó. Àlùbọ́sà yọ̀, ó yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbìyànjú búrẹ́dì. Eyín mọ́kànlá náà fà á ya bí ìgbà tí ajá bá jà lé e lórí. Lọ́jọ́rú ó gbìyànjú okùn. Ìwọ̀ gbé okùn, ó kọ̀, kò fi í sílẹ̀, bí Bàbá sì ṣe fà á, ìyẹ́ òsì gún un lọ́rùn ọwọ́. Ó ní òun yóò pọ́n ọn. Òkúta kò lè wọ inú kọ́lọ́fín rẹ̀, ibi tí òkúta sì dé, irin náà rọ̀ débi pé ojú rẹ̀ ń ṣẹ́po.

Lọ́jọ́bọ̀, alápatà wá gba ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì rí ejò náà. Ó gbé e, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bàbá, màlúù wo lẹ fẹ́ fi èyí pa?"

"Gbé e sílẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀bẹ ló máa pa á o. Ẹ̀rín ni." Ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ gé ìyẹ́ yẹn kúrò, ẹ lọ eyín yẹn dànù. Ọ̀bẹ gidi lè kù nínú ẹ̀."

Ìmọ̀ràn náà dára. Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá tan ẹ̀rọ ìlọrin, ó sì gbé ìyẹ́ ọ̀tún súnmọ́ òkúta tó ń yí. Ó kù díẹ̀ kó kàn án. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ń ké. Bí òun bá gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrò, ọ̀bẹ tí òun fúnra òun rọ ni ọmọ yóò bá, kì í ṣe èyí tí ọmọ rà. Ó pa ẹ̀rọ.

Ní Sátidé, ọmọ náà kò tíì dé ilé kó tó yà sí ṣọ́ọ̀bù, báàgì lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá àti ìyá rẹ̀, ó dìde, ó sì wo pákó. Ọ̀bẹ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ejò abìyẹ́ dá wà létí pákó, ọrùn rẹ̀ ṣófo.

"Bàbá, páálí ẹ̀ dà?"

Ìyàwó Bàbá wojú òrùlé.

"Ìyá mi, mo purọ́ fún ẹ," ni Bàbá sọ. "Kò gé àlùbọ́sà. Kò gé búrẹ́dì. Kò gé okùn." Ó na ọwọ́ tó fi aṣọ wé jáde. "Èyí nìkan ló gé."

Ọmọ náà wo aṣọ náà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì gbé e títí ó fi jókòó sórí báàgì rẹ̀.

"Ẹ máà bínú, Bàbá. Mo mọ̀ pé kò lè gé nǹkan kan. Mo dàgbà síbí yìí, mo mọ ọ̀bẹ tó bá mú."

"O mọ̀? O wá rà á?"

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀bẹ tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, tí mo bá fọwọ́ kàn án, ẹ máa ń ní kí n gbé e sílẹ̀, pé kì í ṣe tiwa, olówó ẹ̀ ń bọ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ní kí n ra ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò ní wá gbà. Tó bá mú ni, ẹ ti máa fi yá alápatà kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ìyẹn ò purọ́," ni ìyá rẹ̀ sọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa páálí kan yọ lábẹ́ pákó, ó fi ọwọ́ ya á ní igun mẹ́rin bó ṣe máa ń ya á, ó sì wá bírò. Ó kọ *Tèmi* sí òkè. Ó dúró díẹ̀ lórí ìlà kejì. Ọmọ rẹ̀ na ọrùn láti wò ó.

Ó kọ ọ́: *Kò gé nǹkan kan.*

Ó so ó mọ́ ọrùn ejò náà, ó fà á wò bóyá okùn yóò já, kò já. Ó wá gbé e sáàárín àwọn yòókù lórí pákó, wọ́n di mẹ́wàá.