Òsúkè Ọmọ ní Abà

Òsúkè ń ṣe ọmọ jòjòló kan nílé ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ́fà lánàá, mo sì rántí abà wa lọ́nà Òjòkú. Màmá kó èmi àti àbúrò mi jòjòló lọ sùn síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wa iṣu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òsúkè mú ọmọ náà.

"Fa òwú lára aṣọ rẹ, fi itọ́ rin ín, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí," ni Màmá wí, wọ́n sì dùbúlẹ̀ tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀.

Òsúkè ò dá. Èmi tí mo pe ara mi ní ọkùnrin, mo ń fa òwú títí àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi fi já.

"Màmá, ó ń kú lọ."

"Kò kú. Ṣẹ́ẹ̀tì lò ń pa."

Wọn ò tiẹ̀ lajú. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé ọmọ náà ò jẹ́ kí wọ́n fojú ba oorun láti òru mẹ́ta. Nígbà tí òsúkè dá, àwọn méjèèjì sùn, mo sì di imú mú kí n má baà sín.